Ìdájọ́ Tí Ó Wọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìrìn-Àjò Odò Ọya Ti Ọdún 1841



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí iwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn búburú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa òmùgọ̀. Bí ènìyàn búburú bá ṣe ibi, ẹnu kì í yà wá. Bí òmùgọ̀ bá sì ṣubú sínú kòtò, a ó ní àìmọ̀kan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn rere, tí wọ́n kàwé, tí wọ́n gbàdúrà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ire ọmọnìkejì wọn tọkàntọkàn, fi lè péjọ, kí wọ́n gbèrò pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n sì ṣe ìpinnu tí ó rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ibojì? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá rò pé ọgbọ́n òun ti tó láti gba òun lọ́wọ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ó súnmọ́ ọn jù lọ.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún nísinsìnyí tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ti ń fi hàn wá pé ọkàn ènìyàn ní àwọn ìtẹ̀sí kan. A lè fi wọ́n wé òṣùwọ̀n ọjà tí apá rẹ̀ kan ti wúwo ju èkejì lọ láti ilé alágbẹ̀dẹ wá. Olóòótọ́ ni ẹni tí ń lò ó lè jẹ́. Síbẹ̀, ohunkóhun tí ó bá gbé lé e, apá kan náà ni yóò máa tẹ̀ sí. Àṣìṣe tí ó yà sí ọ̀tún lónìí, tí ó sì yà sí òsì ní ọ̀la, a máa pa ara rẹ̀ rẹ́ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ń yà sí apá kan ṣoṣo nígbà gbogbo kì í tán, àfi bí a bá mọ̀ ọ́n, tí a sì ṣọ́ra fún un. Kí a má baà máa sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, a ó mú ìtàn kan tí ó kan ilẹ̀ wa àti Ìjọ wa, a ó sì fi í ṣe dígí.

I. Bí Ìrìn-Àjò Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1833 ni Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó sọ àwọn ẹrú tí ó wà ní àwọn erékùṣù rẹ̀ di òmìnira. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjà yìí ni Thomas Fowell Buxton. Ṣùgbọ́n Buxton rí i pé òwò ẹrú kò tíì kú; àwọn ọkọ̀ ṣì ń kó àwọn ènìyàn wa láti etí òkun lọ sí Brazil àti Cuba. Ó kọ ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1839 àti 1840, nínú èyí tí ó sọ pé bí a bá mú òwò tí ó mọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, àti Ìhìnrere wọ inú ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọba ibẹ̀ yóò rí èrè tí ó sàn ju títa ènìyàn lọ.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà, ọdún 1840, ìpàdé ńlá kan péjọ ní Exeter Hall ní Lóńdọ́nù. Ọmọ-aládé Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága. Ìjọba gbà láti rán ọkọ̀ onírin mẹ́ta tí ń fi agbára ooru omi rìn lọ sí Odò Ọya: orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce, àti Soudan. Ọ̀gágun ojú omi Henry Dundas Trotter ni olórí gbogbo wọn. William Allen ni ó ń ṣe àkóso Wilberforce, Bird Allen sì ni ó ń ṣe àkóso Soudan. Iṣẹ́ wọn ni láti bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn kí wọ́n fi òwò ẹrú sílẹ̀, àti láti dá oko kan tí yóò jẹ́ àpẹẹrẹ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. fi ènìyàn méjì kún wọn láti Sàró: Alàgbà J. F. Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti olùkọ́ kan tí a ń pè ní Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a ti kó lẹ́rú ní ọdún 1821 tí a sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n dáradára.

II. Ohun Tí Wọ́n Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Lọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ibi yìí, nítorí níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ní ọdún 1832, Macgregor Laird àti Richard Lander ti gbé ọkọ̀ méjì wọ odò kan náà. Àwọn òyìnbó 48 ni ó bá wọn lọ. 9 péré ni ó yè. Lander fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1834. Gbogbo Lóńdọ́nù ni ó gbọ́ ìròyìn yìí, nítorí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníṣòwò ará Liverpool kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Jamieson, tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí ń ṣòwò ní àwọn odò náà. Ó tẹ ìwé jáde, ó bẹ ìjọba àti àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe rán àwọn ọkọ̀ náà. Kí ni ó dé tí a kò fi gbọ́ tirẹ̀? Ó rọrùn láti wí pé oníṣòwò ni, àti pé èrè ara rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní èrè nínú ọ̀rọ̀ lè sọ òtítọ́ síbẹ̀, ìdí tí ènìyàn fi sọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Mikaya ọmọ Imla, tí ó dá dúró níwájú Ahabu àti irinwó wòlíì, mọ bí ó ti ń rí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ti ikú àwọn 39 ìṣáájú, a rí ìdáhùn fún un. Wọ́n ní tiwa kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ wa jẹ́ tuntun. Àṣàyàn ni àwọn ọ̀gá wa. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ní ẹ̀rọ kan. Ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn ìgbà náà ni pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú àbàtà ni ó ń fa ibà. Nítorí náà, Dókítà David Boswell Reid ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá nínú àpótí irin tí ó kún fún oògùn, kí ó tó wọ inú yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn sí. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e púpọ̀.

III. Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1841 ni wọ́n wọ odò. Ọba Obi Ossai ti Aboh bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Àtá ti Ìdá náà ṣe bẹ́ẹ̀. A sì gba ilẹ̀ fún oko náà nítòsí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, níbi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí. Gbogbo rẹ̀ dàbí ẹni pé Buxton ti borí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni ibà bẹ́ sílẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Soudan ti kó àwọn aláìsàn padà sí òkun, Wilberforce sì ti tẹ̀ lé e. Albert nìkan ni ó tẹ̀ síwájú dé Egga ní ilẹ̀ Núpé. Níbẹ̀ ni Trotter fúnra rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n sì yí padà. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí ọ̀gá kan tí ó lè dìde, àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ sì ti ṣubú. Dókítà McWilliam, tí ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn, ni ó ń tọ́ ọkọ̀ náà sọ́nà. Dókítà Stanger, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò òkúta àti ilẹ̀, sì ń ṣe àkóso ẹ̀rọ. Bí wọ́n ti súnmọ́ òkun, ọkọ̀ mìíràn gòkè wá pàdé wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ethiope ni orúkọ rẹ̀, John Beecroft ni ọ̀gá rẹ̀. Ta ni ó ni ín? Robert Jamieson ni, ẹni tí ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ.

Nínú àwọn òyìnbó tí ó tó nǹkan bí 150, àwọn tí ó lé ní 40 ni ó kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ibà náà kò mú. Bird Allen kú sí erékùṣù Fernando Po ní oṣù Kẹwàá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ara Buxton kò le mọ́ láti ìgbà náà. Ó kú ní ọdún 1845.

IV. Ìtẹ̀sí Kìn-ín-ní: A Kì Í Ka Àwọn Tí Ó Ṣáájú Wa

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù ní ọgbọ́n. Òwe náà kò sọ pé ará yòókù yóò gbà á. Nígbà tí ènìyàn bá dáwọ́ lé nǹkan, ohun tí ó wà ní iwájú rẹ̀ ni ìmúra tirẹ̀, owó tirẹ̀, àti ìtara tirẹ̀. Ó ń wo ọ̀ràn náà láti inú ilé. Kò jáde sí ìta láti béèrè pé, àwọn ẹlòmíràn tí ó ṣe irú èyí rí, báwo ni ó ti rí fún wọn?

Daniel Kahneman, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó ṣí ojú ayé sí ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2002 tí ó sì kú ní ọdún 2024, jẹ́wọ́ àṣìṣe tirẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ. Òun àti àwọn olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó ní kí olúkúlùkù kọ iye ọdún tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Gbogbo wọn kọ ọdún méjì tàbí kí ó dín díẹ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀. Ó wá bi àgbà kan láàrin wọn pé, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ó mọ̀ tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ńkọ́? Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò parí rẹ̀ rárá, àwọn tí ó parí sì lò tó ọdún méje sí mẹ́wàá. Òun náà ti kọ ọdún méjì bí àwọn yòókù. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé a kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí, a jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé, a sì kéde fún ìjọ pé ọdún méjì ni a ó fi kọ́ ilé Ọlọ́run tuntun parí. Ìjọ mẹ́ta ni ó wà ní àdúgbò wa tí ilé wọn ti wà láìlórùlé fún ìgbà pípẹ́. Ojoojúmọ́ ni a ń kọjá níwájú wọn. Kò sí ẹni kan nínú ìgbìmọ̀ wa tí ó dárúkọ wọn. Ọdún kẹsàn-án ni a kan òrùlé mọ́ tiwa. Àwọn àgbà ìjọ méjì tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ọjọ́ ìyàsímímọ́ kò rí i. A ti wàásù lórí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́ tí kò jókòó ṣírò owó rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. A kò mọ̀ pé ara wa ni a ń bá wí.

V. Ìtẹ̀sí Kejì: Ohun Tí A Gbàgbọ́ Ni A Ń Wá Ẹlẹ́rìí Fún

Ẹ̀kọ́ afẹ́fẹ́ búburú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ibi tí àbàtà bá wà, ibà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fèrèsé ní alẹ́, ibà kì í tètè mú un. Gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí jẹ́ òótọ́, wọ́n sì dàbí ẹni pé wọ́n ń jẹ́rìí sí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn pẹ̀lú ń gbé inú àbàtà, ẹ̀fọn pẹ̀lú sì ni fèrèsé tí a tì ń lé sí ìta. Ẹlẹ́rìí kan náà lè jẹ́rìí fún ẹjọ́ méjì. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kì í ṣe pé kí a kó ẹ̀rí tí ó bá wa mu jọ ni ìdájọ́ òdodo. Kí a béèrè pé kí ni a bá rí bí ó bá jẹ́ pé a ṣìnà, òun ni.

Kuíníìnì wà nínú àwọn ọkọ̀ náà ní ọdún 1841, nítorí a ti mọ bí a ti ń yọ ọ́ láti inú èèpo igi láti ọdún 1820. Ṣùgbọ́n bí ọkàn gbogbo ènìyàn ti wà lára afẹ́fẹ́, lẹ́yìn tí ibà ti mú ènìyàn ni a ń fún un, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, T. R. H. Thomson, ń lò ó fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ibà tó dé, ara rẹ̀ sì le. Ó kọ ọ́ sí ìwé ní ọdún 1846. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Pleiad tún wọ Odò Ọya lábẹ́ Dókítà William Balfour Baikie. Òyìnbó 12 àti ènìyàn dúdú 54 ni ó wà nínú rẹ̀, Crowther sì tún wà láàrin wọn. Baikie ń fún àwọn òyìnbó ní kuíníìnì lójoojúmọ́. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò nínú odò, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kú.

Ẹ kíyè sí i pé ní ọdún 1854 kò tíì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń fa ibà. Ọdún 1880 ni Laveran rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní Àlùjíríà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Baikie kò dúró de ìmọ̀ ìdí. Ó wo ẹni tí ó yè àti ẹni tí ó kú, ó sì tẹ̀ lé ohun tí ó rí.

VI. Ìtẹ̀sí Kẹta: Lẹ́yìn Ọ̀ràn, Gbogbo Ènìyàn Di Wòlíì

Nígbà tí ìròyìn ikú náà dé Lóńdọ́nù, kò pẹ́ tí ẹnu fi kún. Àwọn tí kò sọ nǹkan kan ní ọdún 1840 wí pé ó ti hàn gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀. Charles Dickens fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1848. Onímọ̀ kan, Baruch Fischhoff, dán ìwà yìí wò ní ọdún 1975. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn ogun kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Gurkha jà ní ọdún 1814. Ó sọ fún àwọn kan pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣẹ́gun, fún àwọn mìíràn pé Gurkha ni, fún àwọn mìíràn pé kò sí ẹni tí ó borí. Èyí tí a sọ fún olúkúlùkù ni ó rò pé ó ti hàn tẹ́lẹ̀ nínú ìtàn náà. Ìmọ̀ òpin a máa wọ inú ìbẹ̀rẹ̀ lọ, a kò sì ní mọ̀ pé ó wọlé.

Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá rò pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní rí ẹ̀kọ́ kọ́. Láti inú ìrìn-àjò náà, ọ̀pọ̀ yọ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo jáde: pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ àdánù. Ṣùgbọ́n Schön àti Crowther ti wò ó ní ọ̀nà mìíràn. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ìrìn-àjò náà jáde ní ọdún 1842, Schön sì rọ C.M.S. pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ni kí a kọ́ láti gbé Ìhìnrere lọ. A pe Crowther lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Islington. A fi í jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ohun tí a sọ pé ó ti kú ní ọdún 1841 ni ó so èso tí àwa ń jẹ títí di òní.

VII. Ìtẹ̀sí Kẹrin: Òkú Kì Í Jẹ́rìí

Ní ọdún 1620, Francis Bacon sọ ìtàn kan tí ó ti pẹ́ ṣáájú rẹ̀. A fi àwòrán àwọn tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n sì bọ́ nínú ewu òkun han ọkùnrin kan ní ilé òrìṣà, a sì bi í bóyá kò gbà nísinsìnyí pé agbára wà níbẹ̀. Ó dáhùn nípa bíbéèrè ibi tí àwòrán àwọn tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n sì rì wà.

Ìtàn yìí dùn mọ́ wa nínú nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìdílé kan nínú ìjọ wa, tí wọ́n ti ń gbé ní Lóńdọ́nù fún ọdún púpọ̀, béèrè ní ọwọ́ wa bí wọ́n bá ní láti fún ọmọ wọn ní oògùn ibà kí wọ́n tó mú un wá sí ilé fún Kérésìmesì. A rẹ́rìn-ín músẹ́. A ní, “Àwa náà kò ha dàgbà láàrin ẹ̀fọn bí? Ọmọ Yorùbá ni ọmọ yín.” Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹnu àlùfáà, wọ́n sì fi oògùn náà sílẹ̀. Kí ọdún tuntun tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ọdún méje náà kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú wa, ó yè.

Ní àkókò tí a jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà ni a tó rántí àbúrò wa kan tí ibà pa kí ó tó rìn, àti àwọn ọmọ mélòó kan ní agbo ilé wa tí a sin nígbà èwe wa. A ti sọ pé “àwa dàgbà” bí ẹni pé gbogbo wa ni ó dàgbà. Àwọn tí kò dàgbà kò sí níbẹ̀ láti dá wa lóhùn.

Ìtàn ọdún 1841 ti kìlọ̀ fún wa lórí èyí pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ náà pọ̀, díẹ̀ ni ibà mú nínú wọn, púpọ̀ nínú àwọn díẹ̀ náà sì ni ó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Kì í ṣe àwọ̀ ara ni ó ń dáàbò bo ènìyàn. Ara tí ó ti bá ibà jà léraléra láti kékeré ni ó ń kọ́ bí a ti ń dojú kọ ọ́. Bí ó bá sì pẹ́ ní ilẹ̀ tí ibà kò sí, yóò gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ́. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun kò tilẹ̀ kọ́ ọ rí.

VIII. Kí Ni Kí A Ṣe?

A kò lè sọ fún yín pé ẹni tí ó bá mọ àwọn ìtẹ̀sí wọ̀nyí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ti gbọ́ ìtàn wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n òun wọ́ lè wá òṣùwọ̀n mìíràn fi dán an wò. Kí a tó dáwọ́ lé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ó ti ṣe irú rẹ̀, kí a sì béèrè iye tí ó parí rẹ̀ àti iye ọdún tí wọ́n lò. Nígbà tí gbogbo ìgbìmọ̀ bá fi ohùn kan sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a yan ẹnìkan kí ó sọ ìdí tí ó fi lè bàjẹ́, kí a má sì bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ èrò wa sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó ṣẹ, kí a má baà pe ara wa ní wòlíì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń gba ẹ̀rí àwọn tí ó yè, ẹ jẹ́ kí a rántí láti ka àwọn ibojì.

Ní ti àwọn òbí tí àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ wá láti òkè òkun ní ọdún yìí, ohun kan péré ni a bẹ̀ yín: ẹ bi dókítà léèrè, ẹ má ṣe bi àlùfáà.